Ike Búlúù Inú Àpótí Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Alabar, ní Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò ní Kumasi ní Gánà, ariwo kan wà nínú yàrá wa tí gbogbo wa mọ̀ bí a ṣe mọ ìpè ìrun. Àyà àbúrò mi obìnrin ló ń súfèé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku gba gbogbo ìlú, ọmọ náà á jókòó, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, á máa wá èémí kiri. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, èmi jẹ́ mọ́kànlá.

Ikọ́ fée ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ nílé wa, wọ́n ní òtútù ló wọ̀ ọ́ láyà. Wọ́n á ti fèrèsé pa, wọ́n á gbé ìkòkò èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á da tùràrí sí i kí ara rẹ̀ lè móoru, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀ tí gbogbo ilé máa ń ta sánsán. A fẹ́ràn ọmọ yẹn, ìfẹ́ náà la sì fi ń fún un lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì kan, ará Àṣáńtí tó ń gbé ní Dichemso, máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi. Lọ́jọ́ kan ó bá èéfín náà nínú yàrá, ó sì gbé ìkòkò èédú síta fúnra rẹ̀. Ó fi èdè Twi sọ fún ìyá mi pé, "Maame, wusie no nyɛ," èéfín yẹn ò dáa. Òun ló mú wa lọ sí ọsibítù, tí wọ́n fún wa ní ike búlúù kékeré kan tí oògùn tó ń la ọ̀nà èémí wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí àyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ẹ gbọn ike náà, ẹ fín in sí i lẹ́nu, kí ó fà á sínú.

Ó ṣiṣẹ́, mo fojú ara mi rí i. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sọ pé, "Ìyàwó, fi nǹkan yẹn pamọ́ o. Bí àwọn ará Zongo bá rí i, ta ló máa fẹ́ ẹ lọ́la?" Ìyá mi tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì ń mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adum lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, èmi àti àbúrò mi nìkan la wà nílé. Wọ́n ti sun tùràrí sílẹ̀ ní yàrá kejì kí wọ́n tó jáde, èéfín sì bá wa. Ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo fa àpótí títí, kò ṣí. Mo sáré lọ sí Adum. Ìyá mi rí ojú mi, a jọ sáré bọ̀.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mi ò gbọ́ súfèé mọ́. Inú mi dùn. Mo ní, "Màámi, ó ti fi í sílẹ̀."

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí àyà tó ń súfèé bá dákẹ́ lójijì, tí ọmọ ò sì lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Afẹ́fẹ́ ni kò wọlé mọ́. A sin àbúrò mi kí oòrùn tó wọ̀.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi náà ní ikọ́ fée. Ó ní ike tó ń lò láràárọ̀ àti èyí tó wà fún ìgbà ìdààmú, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ti tán. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, a mú un lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, ìyá ọmọ náà, sì sọ sí mi létí pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àìsàn yẹn níbí." Ọmọ tó kàwé ni o. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo yọ ike náà nínú báàgì, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han gbogbo ará ilé.

Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Kò burú. Ó lè bínú di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ á wà láyé láti bá wa parí ìjà.