Ọjọ́ Tí Mo Wo Ohùn Bàbá Mi

Mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìbú ara mi. Ẹ jẹ́ kí n bú u tán lẹ́ẹ̀kan náà, ká lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ: òmùgọ̀ ni mí. Òmùgọ̀ tó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni mí, irú wọn ló sì burú jù.

Bàbá mi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ló ń pe ìrun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, ibà ìbáà mú un. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò kọ́lé. Yàrá kan nínú agboolé bàbá wọn ló ń gbé. Ìyá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti bá tiwọn lọ. Ìrun pípè yẹn nìkan ló kù tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Tó bá ń kọjá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àwọn tí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ á ní, "Ládàánì, ẹ kú iṣẹ́ o," á sì gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè fi dípò rẹ̀.

Èmi, bọ́tìnnì àti sípù ni mò ń tà, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni ọkàn mi wà. Rédíò tó kú, ṣájà tó jóná, ẹ má dà á nù, ẹ gbé e wá fún mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, fídíò ni mo ń wò. Àwọn ìyàwó ilé wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé dípò kí n jó ata lórí iná, tábìlì ni mò ń fi irin gbígbóná jó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra ọsilosíkóòpù kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a ń ṣeré irú rẹ̀ ń pè é ní skóòpù. Kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Wáyà méjì ló ní, tí èèyàn máa fi kọ́ ibi tí iná ń gbà kọjá. Ohun tó bá rí níbẹ̀, á fi ránṣẹ́ sínú fóònù, láìsí okùn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí etí ń gbọ́, ojú á wá máa rí i bí ìlà tó ń lọ sókè sódò. Ha, mo gbádùn ẹ̀! Mo wo ìlà rédíò, mo wo ìlà ṣájà, mo wo ìlà agogo ẹnu ọ̀nà. Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tí kò ṣeé wò.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí lasipíkà mọ́ṣáláṣí wa ti ń ṣe ségesège. Ohùn á máa gbọ̀n, á já láàárín, á tún padà. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ra ampilifáyà tuntun, ìyẹn àpótí tó ń sọ ohùn di ńlá. Kò yí padà. Wọ́n pààrọ̀ lasipíkà orí òrùlé, kò yí padà. Wọ́n tún ra ampilifáyà mìíràn. Bàbá mi á wọlé, á máa fapá jánú: "Ayédèrú! Ayédèrú ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún wọn!" Ọjọ́ kan ló wá ní, "Mo ti sọ fún Alága mọ́ṣáláṣí pé ọmọ mi obìnrin á wá bá wọn wò ó. Má dójú tì mí o."

Má dójú tì mí. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, kí àkókò ìrun Alásárì tó tó, nígbà tí kò tíì sí èèyàn nínú mọ́ṣáláṣí. Mo kọ́ wáyà kan sí ibi tí ohùn ti ń ti máìkì wọ ampilifáyà, mo kọ́ ìkejì sí ibi tó ti ń jáde lọ sórí òrùlé. Mo fi skóòpù sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde síta, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fóònù mi. Ìlà yẹ́lò ni ohùn tó ń wọlé, ìlà búlúù ni ohùn tó ń jáde. Bí àwọn méjèèjì bá jọra, ampilifáyà ò jẹ̀bi.

Bàbá mi pe ìrun. Mò ń gbọ́ ọ lókè, mò ń rí i lọ́wọ́ mi. Ibi tí yẹ́lò ti gbọ̀n, búlúù gbọ̀n. Ibi tí yẹ́lò ti já, búlúù já. Àní wọ́n bá ara wọn mu délẹ̀! Mo fọwọ́ lu itan mi, mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló jẹ́rìí mi, mi ò ronú kan ẹni tó ni ohùn. Iná ni mò ń wò.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, àwọn àgbà jáde wá bá mi. Alága ló ṣíwájú, ẹgbẹ́ bàbá mi ni. Ọkùnrin kan tó ń ta ike ní Èbúté Èrò tẹ̀ lé wọn. Òun ló máa ń dúró fún bàbá mi tó bá rìnrìn àjò. Mo ní kí oníke padà wọlé, kó sọ̀rọ̀ sí máìkì. Ó wọlé, ó ní, "Bísímílááì, Bísímílááì." Ìlà rẹ̀ yọ, ó sanra, ó ń dán, kò gbọ̀n rárá. Mo yí fóònù sí àwọn bàbá.

"Ẹ wò ó, sà! Máìkì dáa. Ampilifáyà dáa. Lasipíkà dáa."

Alága ò wo fóònù. Ó ní, "Ó ti tó bẹ́ẹ̀, ọmọ wa. O ṣeun. A máa ra òmíràn."

Ra òmíràn kẹ̀! Inú bí mi. Mo ní nítorí pé obìnrin ni mí ni. Ká ní ọkùnrin ló gbé ẹ̀rọ yìí wá, wọn ì bá ti máa pè é ní ẹnjiníà. Bàbá kan wúkọ́, ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn náà ló ń dà wá láàmú, a mọ̀ ọ́n." Èmi náà dìde. Mo ní ẹnu, mi ò purọ́, ibi tí mo ti rí i ni mi ò mọ̀. Mo pariwo: "Ẹ̀yin bàbá, mo ní nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yín! Ohun tó ń gbọ̀n yìí ti ń gbọ̀n kó tó wọnú wáyà!"

Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́.

Yéè! Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi fúnra mi.

Ó rìn wá, ó ní kí n fi han òun. Ìlà Alásárì rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù, mo ti pa á mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníke. Ó gbé fóònù jìnnà sí ojú díẹ̀, nítorí kò mú awò ojú rẹ̀ dání.

"Èwo ni tèmi?"

Mo nàka sí i. Ó wò ó, ó pẹ́.

"Ó ń gbọ̀n lóòótọ́," ó ní. Ó dá fóònù padà fún mi, ó wọ bàtà kejì, ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì forí lé ilé. Nígbà tó di Mọ̀gáríbì, ohùn oníke la gbọ́ lókè.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ kúnlẹ̀ fún Alága. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni?" ó ní. "A ti mọ̀ tipẹ́. Ta ló máa sọ fún un? Èmi tí a jọ ka kéú pọ̀? Ojú kì í ti ẹ̀rọ, la ṣe ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi. À bá máa rà á bẹ́ẹ̀ títí Ọlọ́run á fi pe ọ̀kan nínú wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ, ọmọ wa."

Mo sunkún níbẹ̀, mo fi ìbòrí nu ojú. Ó ní kí n bá òun kí bàbá mi.

Lójú ọ̀nà ni mo ro irọ́ tí mo máa pa. Mo bá bàbá mi létí ibùsùn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, mo ti rí àṣìṣe mi. Mi ò kọ́ wáyà yẹn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́."

"Ṣé Alága ló rán ẹ?"

"Rárá o, sà."

Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Wọ́n ti mọ̀ nìyẹn," ó ní. "Ọdún mẹ́ta tí mo rò pé mò ń pè wọ́n wá kírun, àánú mi ló ń ṣe wọ́n."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete, mi ò nílò ẹ̀rọ. Mi ò mọ ohun tó di mí létí látọjọ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé etí ọmọ ni mo fi ń gbọ́ ọ.

A bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Alága fúnra rẹ̀ kó èèyàn méjì wá. Ó fún wọn lómi mu, ó mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ kò padà sídìí ìrun pípè. Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ká ní ó bá mi jà ni, ká ní ó gbá mi létí pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, ara ì bá tù mí.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án, kì í sọ ibi tó ń lọ. Aládùúgbò kan ló sọ fún mi pé mọ́ṣáláṣí kékeré kan lápá Lafiaji ló ti ń kírun báyìí. Ọ̀nà yẹn jìn fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ká a mọ́ ibẹ̀, mo bá mú agbòjò, mo wá a lọ. Mo bá ọkùnrin kan tó ń ká ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i, mo ní mò ń wá bàbá àgbà kan tó ga, tó ti tẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá tó máa ń jókòó sẹ́yìn yẹn? Wọ́n wà nínú. Ṣé bàbá yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ máa tọ́jú wọn o, jọ̀ọ́. Àánú wọn máa ń ṣe wá gan-an. A kì í gbọ́ ohùn wọn. Ṣé wọ́n bí wọn ní odi ni?"

Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo ṣí agbòjò, mo sì dúró dè é níta.