Yẹtí Àgùdà Létí Màmá

Màmá ti abẹ́rẹ́ bọ inú àdín, wọ́n gbé e sún mọ́ etí òsì wọn, wọ́n sì wo ara wọn nínú dígí tí mo gbé dání fún wọn.

"Gbé e dáadáa," ni wọ́n wí. "Tí dígí yẹn bá mì, imú ni màá lu."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo gbọ́ ìró náà kí n tó rí ẹ̀jẹ̀, ìró kékeré bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá la aṣọ òfì kọjá. Màmá ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Wọ́n yí etí ọ̀tún sí dígí, wọ́n ní ó ku ọ̀kan.

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, ihò etí wọn méjèèjì sì ti dí kí wọ́n tó bí mi. Kí n tó sọ ohun tó mú ìyá arúgbó lu etí ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń rà, òun náà ni wọ́n ń tà. Ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta ò jìnnà sí ojú irin. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo fàdákà inú àpótí wọn á máa dún wínníwínní. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti kàfúrà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ fàdákà, èmi ni mo sì ń fi àkísà nù ún. Wọn kì í gbà kí n nu dúdú tó wà nínú ọnà rẹ̀ tán.

"Fi dúdú yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ orí ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń kọ mànà, kó lọ sí Dùbáì."

Ẹ̀yìn yẹtí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iwájú. Èyí tó jẹ́ ti àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wá sí Èkó, ìkọ́ rẹ̀ gùn, okùn wúrà rẹ̀ sì tín-ín-rín bí òwú, wọ́n á hun ún bíi léèsì. Ti ayé òyìnbó ní àmì kìnnìún tíntìntín lẹ́yìn. Irú àmì yẹn náà ló wà lára àwọn ṣíbí fàdákà tí àwọn òyìnbó ojú irin tà kí wọ́n tó gba ilé wọn lọ. Ti ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé wúwo, ó ń fa etí ya. Ti Mẹ́kà tí àwọn àlàájà ń kó bọ̀ ń tàn yòò bíi pupa inú ẹyin adìẹ. Gbogbo rẹ̀ ni màmá ń tà. Ohun tí wọn kì í ṣe láéláé ni kí wọ́n ta á fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Àwọn yẹn máa ń gba àdúgbò wa kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á máa ké pé, "Góòlù tó já dà o! Fàdákà tó ti bàjẹ́ dà!" Màmá á pòṣé. Wọ́n ní ẹni tó ń jó odindi ilé torí kó lè rí ìṣó inú rẹ̀ kó ni wọ́n.

Ìbéèrè kan sì wà tí wọ́n máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé ọjà wá: "Ta ló bọ́ ọ? Ṣé ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ọ?" Tí ìdáhùn bá ti ń lọ́ tìkọ̀, wọn ò ní rà á, ó báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di ìgbà tí opó ilé ẹ̀yìn wa wá.

Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó sì so yẹtí wúrà méjì mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Màámi ló fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá tiwọn ló fún àwọn náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àbúrò àwọn ló rà á. Wọ́n fẹ́ yọ́ ọ, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn."

Màmá yí yẹtí náà wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ Àgùdà ni. Wọ́n ní kó máa lọ, kó lọ fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ náà dé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. "Màmá, ẹ kú ilé o. A ò bá tìjà wá. Góòlù ìyàwó wa tó wà lọ́wọ́ yín, ti fámílì ni. Dùbáì ni àbúrò mi ti rà á."

Màmá fi ìkọ́ gígùn yẹn hàn án. "Ẹni tó rọ èyí ti kú kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá yín. Ta ló ń lọ Dùbáì nígbà yẹn?"

"Stórì nìyẹn, màmá. Lọ́la, a máa mú alágbẹ̀dẹ góòlù wá, á yọ́ ọ níwájú yín. Bó ṣe máa rí nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n lọ, màmá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wo àpótí wọn. "Àpótí ṣeé já," ni wọ́n wí. Wọ́n wá ní kí n lọ mú dígí wá.

Nígbà tí wọ́n ti ki yẹtí opó náà bọ ihò méjèèjì, ibi tí wọ́n ti ń nu ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn ni wọ́n ti sọ ìyókù fún mi. "Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ọjọ́ tí bàbá bàbá ẹ kú, àwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin ní opó kì í lo ọ̀ṣọ́. Mo gbé etí kalẹ̀ fún wọn, wọ́n bọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣe opó tán, mo béèrè yẹtí mi. Wọ́n ní ṣé yẹtí ló ká mi lára ni àbí ọkọ tó kú. Wọn ò dá a padà títí ihò etí mi fi dí." Inú bí mi sí àwọn ènìyàn tí mi ò rí rí, inú náà ò tíì rọ̀ títí dòní.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin náà bá màmá lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, láìwé gèlè. Etí wọn ti wú. Alágbẹ̀dẹ náà gbé irinṣẹ́ dání, àwọn ará àdúgbò sì ti ń yọjú.

"Màmá, góòlù dà?"

"Òun nìyí. Ẹ bọ́ ọ."

"Ẹ fúnra yín bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ yọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n náà na ọwọ́. Màmá ò fa orí sẹ́yìn rárá. "Ẹ ṣáà rántí o," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò sì le. "Òkú nìkan ni wọ́n ń bọ́ ọ̀ṣọ́ lára ẹ̀ láìtọrọ. Tó bá jẹ́ òkú lẹ rí lórí àga yìí, ẹ má wulẹ̀ dúró."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lófuurufú. Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kà mí mọ́ ọn o. Èmi ò lè yọ́ góòlù tí wọ́n bọ́ létí ìyá àgbà tó ń mí." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n náà tún rán àgbà wá, wọ́n fi ọlọ́pàá halẹ̀. Gbogbo ibi tí màmá ń lọ, yẹtí Àgùdà ń bá wọn lọ: ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà Tejúoṣó, ilé ìwẹ̀. Etí náà ṣọyún. Mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí. Ta ló sọ fún ẹ pé kò dùn?"

Nígbà tí opó náà bọ́ aṣọ dúdú, ó wá. Màmá fọwọ́ ara wọn bọ́ yẹtí náà, wọ́n fi í lé e lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú yẹtí fàdákà ayé òyìnbó kan nínú àpótí, wọ́n fi sí etí tiwọn. Wọ́n ní etí tí àwọn fi ẹ̀jẹ̀ là, kò ní dí mọ́. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ilé ti yá, wọ́n tún fọwọ́ ara wọn bọ́ ìyẹn, wọ́n kó o fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa bọ́ lára wọn.

Èmi náà ń ta ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ báyìí, ní Tejúoṣó. Àwọn ènìyàn ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo máa ń ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Mo sì ń bi wọ́n: ta ló bọ́ ọ? Àwọn kan ní mo le jù. Ẹ jẹ́ kí n le. Àwọn kan ní àṣà ni kí wọ́n bọ́ ọ̀ṣọ́ lára opó. Mo mọ àṣà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀. Àmọ́ èyí tó ń kó góòlù opó sápò ẹlòmíràn, olè ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ọkọ mi kú. Mo sunkún rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé abọ́ kan wá, aṣọ funfun lórí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. Kó gbogbo nǹkan etí àti ọrùn síbí, a máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Mo nu ojú mi. Mo ká ìborùn kúrò lórí, mo sì yí etí tí yẹtí màmá wà sí wọn.

"Àǹtí," ni mo wí, "ẹ bọ́ ọ."

Òfìfo ni wọ́n gbé abọ́ náà padà.