Àwòrán tí Àmọ̀sù Ká sínú Ẹní

Láti ìdájí Ọjọ́rú ni ara Àmọ̀sù kò ti lélẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ, kò mu ún. Ó wọ bàtà, ó tún bọ́ ọ. Àná ni ọmọ rẹ̀ Qoreebah, tó ń kàwé ní Abidjan, pè pé kí ó bá òun fi àwòrán ara ògiri pálọ̀ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àmọ̀sù ní kò burú. Kò lè sọ pé ògiri ti ṣófo láti oṣù tó kọjá.

Àwòrán náà kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń rà lọ́jà. Nígbà tí Qoreebah ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Bouaké, òun àti Glory ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n kan ju oúnjẹ lọ. Glory fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọmọbìnrin ajagun inú eré náà, ó gbé e lọ tẹ̀ sórí bébà tó nípọn, ẹ̀dà méjì péré, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí Glory kó padà sí Nàìjíríà, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé mọ́.

Ẹní rọ́bà ni Àmọ̀sù ń tà. Nígbà tí àwọn àáfà ń bọ̀ wá ka Kùránì nílé rẹ̀ ní àdúgbò Broukro ní Bouaké, ó rántí pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán ẹlẹ́mìí bá wà. Ó yọ àwòrán, ó ká a, ó tì í bọ ihò àárín ọ̀kan nínú àwọn ẹní kíká tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbàgbé, ó kó àwọn ẹní náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jà, ó sì tà wọ́n tán.

Sèlíátù ìyàwó rẹ̀ kò káàánú rẹ̀. "Mo ní kí ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní màláíkà á bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ó yá o, ẹ ké sí màláíkà kí wọ́n bá yín wá a."

Ọ̀dọ̀ obìnrin tó bá Glory tẹ àwòrán náà ni Àmọ̀sù kọ́kọ́ sáré lọ. Obìnrin náà ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó ṣàpèjúwe rẹ̀, bóyá òun á rí irú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ̀sù ní ọmọbìnrin ni, irun rẹ̀ pupa, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà fi ogún ọmọbìnrin onírun pupa hàn án. Èyí jọ ọ́, èyí ò jọ ọ́. Kò dá a lójú. Ó jáde láìdágbére. Ìgbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, tó rí àlàfo ibi tí ẹní máa ń dúró sí, ni ó rántí ẹni tó ra gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan: mọ́sálásí kan ní àdúgbò Dougouba.

Ó gun alùpùpù akérò, ó ń kán awakọ̀ lójú títí wọ́n fi débẹ̀.

Lèmọ́mù Moustapha, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Bouaké, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Qoreebah, ẹ lé e kúrò nílé nítorí màláíkà, ẹ wá gbé e wá síbi tí wọ́n ń gbé."

"Ẹ ṣáà fún mi, Lèmọ́mù. Alùpùpù ń dúró."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a he ni, ẹ sì mọ òfin rẹ̀. Ẹ sọ àmì rẹ̀."

Àmọ̀sù sọ ti irun pupa, ó sọ ti ọ̀kọ̀. Lèmọ́mù mirí. Àmọ̀sù ní inú ẹní òun ṣáà ni wọ́n ti bá a. Lèmọ́mù ní ẹní gba ọwọ́ alábàárù mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Àmọ̀sù rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àmì náà. Ó pe Qoreebah, ó gbé ohùn fóònù síta, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí àáfà dé orí ẹní.

Ọmọ náà gbọ́ ọ tán.

"Ọdún mẹ́fà ló fi wà lára ògiri, Bàbá. Ẹ ò wò ó rí?"

Àmọ̀sù sún fóònù mọ́ ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù.

"Irun rẹ̀ dúdú, ṣùkú ni wọ́n dì. Aṣọ rẹ̀ ló pupa. Kò mú ọ̀kọ̀, agboòrùn ló mú. Glory sì ya èjí mi sí i lẹ́nu."

Lèmọ́mù wọ yàrá lọ, ó gbé àwòrán náà jáde, ó fi lé Àmọ̀sù lọ́wọ́. Àmọ̀sù ti fẹ́ ká a, ó ti ń wo ọ̀nà.

"Ẹ má tíì ká a," ni Qoreebah wí. "Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

Alálùpùpù fọn fèrè níta. Àmọ̀sù fa àga kan, ó tẹ́ àwòrán náà sórí itan, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú àpò.

"Aṣọ rẹ̀ pupa lóòótọ́," ó bẹ̀rẹ̀. "Èjí rẹ nìyí."