Àdúrà tí mo ní kí wọ́n gbà sórí fọ́ọ̀mù

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní Woolwich àti Thamesmead nílùú òyìnbó: ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín? Ọrùn ìbéèrè yẹn ni oyè máásítà mi wà. Bí iṣẹ́ ìwádìí náà bá yege, mo lè tọrọ físà mìíràn. Bí kò bá yege, ilé yá nìyẹn.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì, obìnrin òyìnbó kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, ti sọ bí màá ṣe yan àwọn èèyàn. Kí n gba orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n, kí n fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà wá mú èyí tó bá mú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dára lẹ́nu. Iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ kó orúkọ òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wádìí ẹ̀yìn dídùn? Mo kọ lẹ́tà títí ó sú mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà.

Ni mo bá ṣe èyí tó rọrùn. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, kò sì sí ìlà àga tí o ò ti ní rí olùtọ́jú arúgbó. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń yan èèyàn fún ìwádìí, pé àwọn tí ọwọ́ mi tó kọ́ ni gbogbo wọn. Àkókò ló ń lọ. Pásítọ̀ gbà, wọ́n sì pè mí síwájú lẹ́yìn ìsìn. Mo ṣàlàyé tán, ó yẹ kí n kàn pín fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan láì gbàdúrà? Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbàdúrà sí i."

Wọ́n gbà á. Wọ́n gbọ́wọ́ lé òkìtì fọ́ọ̀mù náà, wọ́n lé irora jáde nínú egungun gbogbo wa, wọ́n ní a ò ní fẹnu ara wa pe àìsàn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín, tèmi ló ròkè jù. Lẹ́yìn náà la wá pín bíírò.

Páálí bàtà kan kún. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn fàmì sí: kò sí. Ọ̀gá mi ṣí ọ̀kan, ó ṣí òmíràn, ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní ṣé àwọn tó ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn ń dùn nínú wọn? Ó bi mí bí mo ṣe yàn wọ́n. Mo sọ fún un, títí kan àdúrà. Ó ti páálí náà padà síwájú mi. Ó ní kí n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó kù ò tó nǹkan.

Kò sí orúkọ lórí fọ́ọ̀mù, mi ò lè padà bá ẹnikẹ́ni, àfi Auntie tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní South Thamesmead, torí àwọn nìkan ló fi bíírò aláwọ̀ ewé kọ tiwọn. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń jókòó sí wọ bàtà láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ tọ́jú arúgbó kan ní Shooters Hill. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn so okùn ẹ̀. Inú bí mi. Mo gbé fọ́ọ̀mù wọn sí wọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi.

Wọ́n wò mí. "Ṣé o fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ àìsàn fún ara mi ni? Tí mo bá kọ ọ́ tán, kí ni màá fi gbé Mama Shooters Hill dìde láàárọ̀ yìí?"

Wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi. Mo so bàtà náà.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì dúró ní ibùdókọ̀ Woolwich pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Bọ́ọ̀sì ni gbogbo olùtọ́jú tí mo bá dá dúró ń sáré bá, kò sẹ́ni tó ráyè kọ ọ́. Nígbà tí lẹ́tà yunifásítì dé pé iṣẹ́ mi ò yege, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Auntie, mo sunkún bí ọmọdé. Orí ẹkún yẹn ni mo wà tí fóònù fi dún. Ìyá mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ìwé ńkọ́, wọ́n ní ara ńkọ́, wọ́n ní ohùn mi ò dún dáadáa, ṣé kò sí ìṣòro?

Mo nu imú mi. "Kò sí, Mummy."