Kúbùsù Tí Wọ́n Gbà Padà

Òórùn àgbàrá tó ti wọlé sùn kì í tán lára ògiri bọ̀rọ̀: ẹrẹ̀, epo ọkọ̀, tìmùtìmù tó ti mu omi. Òórùn yẹn ló gba gbogbo Mafolúkù lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó sì tẹ̀ lé wa dé gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí a kó àwọn tí omi lé nílé sí.

Ẹgbẹ́ aláàánú wa kò rí bí ó ṣe wá dà lọ́dún náà tẹ́lẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan la dá a sílẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Bí omi bá ya wọ ilé ẹnì kan ní Ṣógúnlé tàbí Mafolúkù, a ó lọ kí i pé, "Ẹ kú ewu o," a ó jókòó díẹ̀, a ó sì "gbàgbé" ẹrù oúnjẹ àti aṣọ tí a gbé wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró gba ọpẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí alága tuntun fi dé, tó ní ẹgbẹ́ tí aráyé ò rí, òkú ẹgbẹ́ ni.

Lọ́jọ́ náà, ìyá ìkókó kan wà nínú gbọ̀ngàn, ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ìró tó rin gbingbin. Nọ́ọ̀sì wa, àgbà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, kò dúró gba àṣẹ. Ó já ẹrù kúbùsù, ó pín in yí ká. Ọmọ náà dákẹ́, ó sùn.

Ìgbà náà ni olóṣèlú tó ra kúbùsù wọ̀nyí dé pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà. Alága figbe ta: "Ẹ gbà wọ́n padà! Àlejò wa ló máa fi lé wọn lọ́wọ́."

"Ṣé orí yín pé ṣá?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Kí òtútù kọ́kọ́ mú ọmọ ná, ká tó ya fọ́tò?"

"Màmá, ẹ má bà á jẹ́ fún wa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Alága fọwọ́ ara rẹ̀ tú kúbùsù kúrò lára ìkókó. Ọmọ ta jí, ó figbe bọnu. Ìyá rẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fi bo kámẹ́rà yín, kí òjò má baà pa á." Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde sínú òjò. Mo gbé kúbùsù mìíràn sáré tẹ̀ lé e, mo ń pè é. Kò wẹ̀yìn.

Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Òṣòdì, ẹ̀rín gba ẹnu alága àti olóṣèlú náà. Wọ́n ní kí àgbà máa fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. N ò fi èyí sílẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ aṣọ lára ọmọ kó lè tún fi ta á lọ́rẹ, olè ni, mi ò sì ní orúkọ mìíràn fún un.