Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fà Torí Imú Mi

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí a bá ti dùbúlẹ̀, ògiri ló máa kọjú sí. Nígbà tó yá, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí apá ibi tí a ń na ẹsẹ̀ sí lórí ibùsùn, ó ní ooru ń mú òun, pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa. Mi ò gbà á gbọ́. Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn sójà ti padà sí bárékè, fóònù alágbèéká sì ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ọkọ mi náà ra tirẹ̀, ó sì máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó gbé e sétí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: obìnrin kan wà níbì kan, ní Ladi-Lak tàbí ní Pedro, tó ti gba ọkàn rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ka káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú, tí mò ń tún àṣìṣe inú wọn ṣe kí wọ́n tó lọ sórí ẹ̀rọ. Obìnrin tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Irú ẹ̀yìn ríro wo ló jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni oògùn rẹ̀? Àwọn oníbàárà á dúró lókèèrè, wọ́n á na ọwọ́ gbọọrọ láti gba iṣẹ́ wọn. Mo gbà pé ẹnìkan ti bà mí lórúkọ jẹ́. Bí ẹni méjì bá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, mo ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní gbogbo àsìkò yìí, imú mi ń yọ mí lẹ́nu. Ó máa ń gbẹ, èépá líle á máa jáde nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì bá a wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á sí eruku bébà. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, ìyẹn náà ni mo sọ pé íǹkì ló fà á.

Ìyá mi ló là á fún mi. Ó ti Ìjẹ̀bú wá kí wa ní Bàrígà, ó bá mi ní yàrá níbi tí mo ti ń ro ẹjọ́ ọkọ mi fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, sún mọ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ó di orí mi mú, ó gbé imú tirẹ̀ sẹ́bàá tèmi bí ẹni tó ń wò bóyá ọbẹ̀ ti kan. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Imú ẹ ń rùn," ó ní. "Ó ń rùn gan-an. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ ni?"

"Ẹ̀yin náà, Màámi? Wọ́n ti kó ẹ̀yin náà mọ́ra?"

"Àwọn wo?"

Nígbà tí ọkọ mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo bi í lójú ìyá mi. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá Ìbejì, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ irú ẹ̀? Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa ń jáde lọ fi fóònù sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá."

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e yí gbogbo yàrá ká. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ yàrá lóòótọ́.

A lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Akoka. Wọ́n yẹ imú mi wò, wọ́n ní awọ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti fẹ́lẹ́, pé àìsàn náà ló ń fa òórùn, òun náà ló sì pa agbára tí mo fi lè gbọ́ òórùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ayé ló mọ̀, tí èmi nìkan ò mọ̀. Wọ́n ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ imú ní àràárọ̀ àti ní alẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn tí mò ń kán sí i. Ó rọ̀ díẹ̀. Bí mo bá ti dẹra, èépá náà á tún kóra jọ.

Ọjọ́ kan ni dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́, sọ fún mi pé ohun tuntun kan wà.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín la máa lò, mà. A máa fà á lápá yín, a máa gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíákíá, á sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan wà níbẹ̀ tó máa ń ran egbò lọ́wọ́ láti jinná. Ìyẹn la máa gún sínú imú yín."

"Èyí tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́?"

"A máa dà á nù, mà."

"Ta ló máa dà á nù? Níṣojú ta?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àwa tí a gbé Èkó nígbà yẹn mọ ìtàn àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣòògùn, tó máa ń jà ràn-ìn bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ìyá á máa fọwọ́ mú ọmọ wọn gírígírí lójú títì. Onílé wa, àlájà àgbà kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ni a ń gbé, gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde lára ènìyàn, ṣé ó máa ń wọlé padà? Ẹ ṣọ́ra o."

Ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú. "Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣé ìwọ̀nba bín-ín-tín yẹn ni wọ́n máa fà?"

Mo wò ó dáadáa. "Báwo ni ẹ ṣe mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò?"

Mo padà lọ bi dókítà bóyá ó dá a lójú pé màá yá. Ó ní kò dá òun lójú. Ó ní ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn, pé àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ò tíì fẹnu kò. Ìyẹn ló dà mí lọ́kàn rú jù. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tàn mí ì bá ti búra. Àbí òótọ́ yìí gan-an ni ẹ̀tàn náà? Mo rò ó títí, mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n n ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi kúrò lójú mi.

Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti fà á tán, mo gba bírò lọ́wọ́ dókítà, mo sì fi àmì kan sára ìgò náà, àwọn àmì tóótòòtó tí a fi ń sọ fún atẹ̀wé pé kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tẹ̀ lé wọn dé ìdí ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà ní àwọn aláìsàn kì í wọ ibẹ̀. Dókítà ní kó fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dákẹ́. Ìgò jáde, àmì mi wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti silẹ̀ bí ògì: pupa wà nísàlẹ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wà lókè, ohun fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìkùukùu sì wà láàárín wọn. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú mi.

Wọ́n kán oògùn sí imú mi kó lè kú, wọ́n gún un. Omi ń dà lójú mi, síbẹ̀ mo ń fi ojú kan wá èyí tó ṣẹ́ kù. Dókítà gbé e wá síwájú mi, ó da oògùn apakòkòrò lé e títí tó fi dúdú.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn, mà?"

"Ti òní tẹ́ mi lọ́rùn."

Gbogbo ìgbà tí mo tún lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Èépá náà ń dín kù. Ìyá mi tún di orí mi mú, ó ní òun ò gbọ́ òórùn kankan. Mo bi ọkọ mi, mo bi àlájà, mo tún bi dókítà, torí mo rò pé àánú ló ń ṣe ìyá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dédé gbóòórùn kẹrosíìnì láti ilé ìdáná, mo sì jókòó sílẹ̀ síbẹ̀, mo ń fà á símú bí ohun olóòórùn dídùn. Kì í ṣe gbogbo òórùn ló padà. Mo ṣì ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mi ò sì dẹra mọ́. Mo bi dókítà bóyá ẹ̀jẹ̀ ló wò mí sàn àbí omi iyọ̀. Ó ní òun náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀ mí kí n bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, tí irú àìsàn mi ń ṣe. Ọkùnrin náà fi aṣọ ìnujú bo imú, ó ń wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àwọn ló rán yín sí mi, àbí?"

"Àwọn ni, sà. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, èmi náà ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ sáà máa tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ yín dé gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e lọ."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ó padà wá.