Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Pe Ìyá Kékeré Ṣáájú Ìyálé Wọn

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, káàdì ìwé ni wọ́n fi ń mọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn tí agboolé wa ní Ọ̀rányàn ti ń gba ìtọ́jú. Bí akọ̀wé kò bá rí káàdì rẹ, àìsàn rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí i tí ó tú odindi àpótí kan, tó jẹ́ pé eruku àti aáyán nìkan ló bá níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sọ fún ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìròyìn pé èmi ni n óò lọ kọ ọ́. Dókítà ojú ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì kó àwọn ìyá mi méjèèjì dání.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Àwọn ni ìyálé. Ìyá Kékeré ni ìyàwó tí bàbá àgbà fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ojú Ìyá Kékeré ló ń ṣú. Ó ti di pé wọ́n ń fi ọwọ́ wá kẹ́tùrù àlùwàlá tó wà níwájú wọn gan-an. Ìyá Àgbà kàn ní kí dókítà bá àwọn náà wò ó ni.

Inú àwọn èèyàn dùn níbẹ̀. Bíríkìlà kan sọ fún mi pé bí òun ṣe dárúkọ tán ni akọ̀wé ka gbogbo àìsàn òun láti ọdún tó kọjá jáde. "Àní ìgbẹ́ gbuuru tí mo ti gbàgbé, ó wà níbẹ̀." Akọ̀wé náà, obìnrin tí aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ní ọwọ́ òun kò tíì dọ̀tí láti àárọ̀.

Ó wá pe Ìyá Kékeré. Wọn kò dìde. Ó tún pè. Ìyá Kékeré ní kó pe ìyálé àwọn ná.

Nígbà káàdì, kò sí wàhálà. Ìyá Kékeré a fi tiwọn sábẹ́ ti Ìyá Àgbà lórí tábìlì, bó ṣe wà létòlétò ni akọ̀wé ń pè é. Ní báyìí, ọjọ́ orí ni kọ̀ǹpútà fi ń tò wọ́n, inú káàdì ìdánimọ̀ ìjọba ló ti rí i, àgbà jù lọ ló sì ń kọ́kọ́ wọlé. Akọ̀wé kìlọ̀ pé ẹni tí òun bá pè lẹ́ẹ̀kẹta tí kò dáhùn, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ. Dókítà kì í sì í dúró kọjá ọ̀sán.

Mo ní àṣìṣe ni. Ìyá Kékeré ní kì í ṣe àṣìṣe, àwọn ju ìyálé àwọn lọ lọ́jọ́ orí: àwọn ti lọ́kọ rí, ọkọ náà kú, kí àwọn tó wá sílé wa.

"Ọjọ́ orí mi ni wọ́n béèrè, wọn ò béèrè ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ. Mi ò lè ṣáájú ìyálé mi."

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí Ìyá Àgbà. Mo rò pé inú máa bí wọn, àfi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ọjọ́ tó wọlé ni mo ti mọ̀. Ta ló bi mí léèrè?"

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní Màmá ti fi ọmọdé jẹ gàba lórí àgbà. Ìyá Àgbà ní kó lọ gba orogún kó tó wá sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n di ìyàwó wọn lọ́wọ́ mú. "Ó yá, tẹ̀ lé mi." Ìyálé ló kọ́kọ́ wọlé, ìyàwó ni dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò la ojú náà, ó sì dá ọjọ́. Akọ̀wé béèrè ẹni tí yóò dúró ti Ìyá Kékeré lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ìyálé àwọn ni. Ó wo àwọn ìbátan tí kọ̀ǹpútà tò sílẹ̀ pé kí ó yàn nínú wọn: ọkọ wà níbẹ̀, ọmọ wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà, ìyálé ni kò sí. Ó tún wo ọjọ́ orí àwọn méjèèjì.

"Màmá, ṣé kí n tẹ àbúrò?"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Kékeré wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà sì gbà á láìjiyàn.